Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ìṣirò kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì fẹ́ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní Aviva Stadium ní ìlú Dublin, Leinster ti ilẹ̀ Ireland àti La Rochelle ti ilẹ̀ Faransé pàdé nínú àṣekágbá Heineken Champions Cup, ìdíje rọ́gbì àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù. Leinster gbé tráì mẹ́ta wọlé, ìyẹn kí èèyàn fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lórí ìlà góòlù alátakò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, La Rochelle náà gbé mẹ́ta. Leinster gbá pẹ́nárítì mẹ́ta wọlé, La Rochelle gbá méjì péré. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yẹn á ní Leinster ló gba ife. Àmọ́ 27 sí 26 ni eré parí sí, La Rochelle ló sì gbé ife lọ, lẹ́ẹ̀kejì léraléra, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbá sí àárín òpó méjì lẹ́yìn tráì, àfikún alámì méjì tí ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ń lọ wá omi mu. La Rochelle gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Leinster gbá ọ̀kan wọlé, méjì lọ sí ìta. Tráì mẹ́ta jẹ́ 15, àfikún kan jẹ́ 2, pẹ́nárítì mẹ́ta jẹ́ 9: 26 nìyẹn. Tráì mẹ́ta jẹ́ 15, àfikún mẹ́ta jẹ́ 6, pẹ́nárítì méjì jẹ́ 6: 27 nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé ìwọ̀n ara àwọn La Rochelle ló tẹ Leinster rì. Wọ́n á dárúkọ Will Skelton, ọmọ Ọsirélíà tó ga ju mítà méjì lọ. Wọ́n á dárúkọ Uini Atonio, tí gbígbé rẹ̀ kúrò lójú kan dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti ọkọ̀ tó kú. Mi ò jiyàn rárá. Ṣùgbọ́n bí Leinster bá gbá ọ̀kan péré wọlé nínú àfikún méjì tó lọ sí ìta, 28 sí 27 ni. Mo mọ̀ pé bí ayò bá yí, ọkàn àwọn tó ń gbá a náà á yí, eré á sì gba ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀: kí ló dé tí ikọ̀ tó ṣe tráì mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú 12 fi ní àmì 17, tí kì í ṣe 21?

## Ìṣẹ́jú tí Leinster ṣì wà níwájú

Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà sí ìṣẹ́jú 72. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò gùn. Dan Sheehan gbé tráì àkọ́kọ́ wọlé ní igun pápá kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Jimmy O'Brien gbé ìkejì, Sheehan padà wá gbé ìkẹta, 17 sí òdo. Jonathan Danty àti UJ Seuteni dá méjì padà fún La Rochelle, wọ́n sì wọ ìsinmi ní 23 sí 14. Lẹ́yìn ìsinmi, Antoine Hastoy gbá pẹ́nárítì méjì fún La Rochelle, Ross Byrne gbá ọ̀kan fún Leinster. 26 sí 20.

Ẹ̀fà ni àlàfo. Lópin eré rọ́gbì, mi ò mọ nọ́ńbà mìíràn tó ń tan ni jẹ bíi rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, nítorí pé pẹ́nárítì méjì ni alátakò nílò kó tó lè dọ́gba. Àmọ́ tráì kan pẹ̀lú àfikún rẹ̀ jẹ́ èje. Bí àlàfo bá jẹ́ èje, ìwọlé kan kò lè ju pé kí wọ́n bá ẹ dọ́gba. Bó bá jẹ́ ẹ̀jọ, àfi kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló sì kù lórí ago. Àfikún kan ṣoṣo nínú méjì tí Leinster pàdánù ni ì bá sọ ẹ̀fà yẹn di ẹ̀jọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní Dublin lọ́jọ́ náà, èje gan-an ti tó.

La Rochelle wà ní iwájú ìlà góòlù Leinster, wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń tún un gbé. Georges-Henri Colombe, àfidípò tó wọlé wá gba ipò Atonio, ló gbé e kẹ́yìn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ṣubú sórí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀lù. Kò jìnnà sí òpó rárá.

Pátákó kà 26 sí 25. Ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn eré yìí sábà máa ń fò ó kọjá. Tráì náà kò tíì mú La Rochelle ṣíwájú. Leinster ló ṣì ń borí. Òfin ìgbà náà fún Hastoy ní ìṣẹ́jú àáyá 90 láti ìgbà tí tráì ti wọlé, ó sì ní láti parí gbogbo ìmúra rẹ̀ nínú rẹ̀: kó gbé rọ́bà kékeré tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé kalẹ̀, kó to bọ́ọ̀lù náà, kó ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, kó wo òpó. Àwọn Leinster tò sórí ìlà góòlù wọn. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ láti sáré wá, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sáré jáde lọ bá a, kí wọ́n fò, kí wọ́n fi ọwọ́ dí i. Bí kíkì náà bá wá láti igun, ìgbà mìíràn wà tí sísáré wọn máa ń da nǹkan rú. Láti iwájú òpó, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbá a kọjá lórí wọn kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Hastoy gbá a wọlé. 26 sí 27. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú yẹn ni eré náà yí padà, ìyẹn ìṣẹ́jú tó wà láàárín tráì àti àfikún. Ohun tó sì mú kí kíkì náà rọrùn ni ibi tí Colombe ṣubú sí.

## Igun pápá àti iwájú òpó

Ẹni tó fẹ́ gbá àfikún kò lè yan ibi tó wù ú. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀ nígbà tráì ni wọ́n ń wò, wọ́n á fa ìlà kan tó bá ẹ̀gbẹ́ pápá lọ ní gbọọrọ láti ibẹ̀, orí ìlà yẹn ni yóò ti gbá a. Ó lè sún sẹ́yìn bó ṣe fẹ́, kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Òpó méjèèjì fi mítà 5.6 jìnnà síra wọn, ọ̀pá ìdábùú sì ga ní mítà 3. Pápá lè fẹ̀ tó mítà 70, ìyẹn ni pé láti àárín òpó dé ìlà ẹ̀gbẹ́ lè tó mítà 35. Bí tráì bá wọlé níwájú òpó gan-an, tí ẹni tó ń gbá a sún sẹ́yìn dé mítà 22, ojú àlàfo tó wà níwájú rẹ̀ lé ní dígírì 14. Ilẹ̀kùn ńlá ni.

Ẹ wá gbé e lọ sí igun. Ká ní bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní mítà 5 sí ìlà ẹ̀gbẹ́, ìyẹn mítà 30 sí àárín òpó. Bó bá dúró ní mítà 15 sí ìlà góòlù, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wo òpó, àlàfo náà tín-ín-rín ju dígírì 5 lọ. Bó bá sún sẹ́yìn dé mítà 30, ó fi díẹ̀ lé ní dígírì 5, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀ jù lọ. Bó bá tún sún sẹ́yìn ju ìyẹn lọ, ọ̀nà jíjìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní ibi tó dára jù lọ yẹn, mítà 42 ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fò, lójú ẹni tó ń gbá a sì ni òpó méjèèjì ti sún mọ́ra, bí ẹni pé mítà 4 ló wà láàárín wọn. Kò sí ibi tó lè sá sí. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá fẹ́, mítà 42 ni yóò fi bá bọ́ọ̀lù ṣeré. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn ọwọ́ òsì pápá, torí pé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì bá wọn lára mu níbẹ̀. Igun ọ̀tún ni ìyọnu wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìṣirò yìí ni bí ìrìn díẹ̀ ṣe ń yí i padà. Bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá rìn mítà 15 péré láti igun yẹn sí apá òpó kó tó fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, ojú àlàfo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dígírì 10. Ẹni tó ń sáré lórí ìlà ẹ̀gbẹ́, ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ìrìn yẹn jẹ́ fún un.

Kí wá ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é? Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ìlà góòlù kì í ṣe ilé ààbò. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ síwájú lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kanlẹ̀, tráì ti sọnù. Bí wọ́n bá gbá a mú, tí alátakò fi ara tẹ́ lábẹ́ bọ́ọ̀lù kó má baà kan ilẹ̀, alátakò ni yóò gbá a jáde láti orí ìlà góòlù rẹ̀, gbogbo làálàá ìṣẹ́jú márùn-ún di asán. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́yìn tí kò fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ kíákíá, òmùgọ̀ ni wọ́n á pè é bó bá bọ́. Àmọ́ mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí kò sẹ́ni tó ń lé e, tí àyè wà gbẹdẹgbẹdẹ níwájú rẹ̀, tó sì bẹ́ sókè, tó ṣubú sí igun nítorí kámẹ́rà. Àmì méjì ni ó ń fi ta ọrẹ fún kámẹ́rà yẹn.

Alátakò tó ń dínà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé a kì í yìn ín. Nígbà tó bá ti mọ̀ pé òun ò lè dá ẹni náà dúró mọ́, kó má sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lásán. Kó gba apá òpó sáré, kó dínà àárín, kó tì í sí igun. Tráì á wọlé, ariwo á sọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ kíkì dígírì 14 di ti dígírì 5.

## Sáà tó kọ́ni láti ka tráì

Bí wọ́n ṣe to sáà náà ló jẹ́ kí n rò pé ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹgbẹ́ 24 ló kópa ní 2022/23, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí méjì, méjìlá méjìlá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá eré mẹ́rin péré pẹ̀lú alátakò méjì, ní ilé àti ní ìta. Mẹ́jọ nínú méjìlá ló ń kọjá. Ìborí jẹ́ àmì mẹ́rin lórí tábìlì, àmì kan sì wà ní ìfilé fún ikọ̀ tó bá ṣe tráì mẹ́rin. Ìfilé yẹn kò béèrè ibi tí tráì ti wọlé. Tráì igun àti tráì abẹ́ òpó, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Nígbà tí tábìlì bá ń sanwó fún iye tráì, iye tráì ni ikọ̀ á máa kà.

Leinster kà á dáadáa. Wọ́n na Racing 92 ní 42 sí 10 ní ìlú Le Havre, wọ́n na Gloucester ní 57 sí òdo ní Dublin, wọ́n sì parí ìsọ̀rí wọn láìpàdánù. Ipò yẹn fún wọn ní ilé gbígbà títí dópin: Ulster 30 sí 15, Leicester 55 sí 24, Toulouse 41 sí 22, gbogbo rẹ̀ ní Aviva Stadium, pápá kan náà tí àṣekágbá yóò ti wáyé. Nínú eré méjèèje tí wọ́n gbá kí wọ́n tó dé àṣekágbá, kò sí ọ̀kan tí àlàfo rẹ̀ kéré sí àmì 15.

Ta ló ń ka àfikún tó lọ sí ìta nígbà tí ayò bá jẹ́ 57 sí òdo? Ibẹ̀ ni ìyà ti ń wọlé. Ohun tí kò tíì dun èèyàn, kò ní tún un ṣe. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. La Rochelle ní tiwọn ti tọ́ ọ wò: ní ìpele kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ àkọ́kọ́, Gloucester kan náà tí Leinster fọ́ yángá ni wọ́n fi àmì mẹ́ta péré borí nílé wọn, 29 sí 26. Wọ́n na Saracens ní 24 sí 10, wọ́n sì na Exeter ní 47 sí 28 ní Bordeaux, ṣùgbọ́n ẹ̀rù eré Gloucester yẹn ti wọ̀ wọ́n lára.

Sáà yìí náà ni àwọn ẹgbẹ́ South Africa kọ́kọ́ wọ ìdíje náà, Bulls, Sharks àti Stormers. Ó yẹ ká kọ àròkọ mìíràn nípa wọn. Stormers borí Harlequins ní Cape Town ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ti fò ju 9,000 kìlómítà lọ láti wá gbá Exeter, Exeter sì nà wọ́n ní 42 sí 17. Toulouse na Sharks ní 54 sí 20 ní ìpele kan náà. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n ara nìkan ni wọ́n fi ń borí eré yìí, kó wo bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe rí lára àwọn tó tóbi jù lọ.

## Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dé àárín

Bọ́ọ̀lù kì í ṣèèṣì dé iwájú òpó. Ẹ wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ikọ̀ gba pẹ́nárítì, wọ́n fẹ́ tráì dípò àmì mẹ́ta, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ nítòsí igun. Wọ́n máa jù ú wọlé ní láìnáòtì, ìlà méjì tí ikọ̀ méjèèjì ń tò sí láti du bọ́ọ̀lù náà, láàárín mítà 5 àti 15 sí ìlà ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kan mú un lókè, àwọn yòókù dì mọ́ ọn, gbogbo wọn di agbo kan tí ń ti ara wọn síwájú, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ìrù, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó jù ú wọlé. Agbo náà kọjá ìlà, ó wó lulẹ̀, tráì. Ọ̀nà tó dájú ni, mo sì mọ ìdí tí kóòṣì fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló wó sí? Mítà 20 sí 30 sí àárín òpó. Àmì márùn-ún ló dájú, méjì tó kù wà lọ́run.

Ọ̀nà kejì gba sùúrù. Wọ́n mú bọ́ọ̀lù ní láìnáòtì, wọn ò tì í. Wọ́n gbé e fún ẹni tó wúwo tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó kọlu àwọn alátakò lẹ́bàá òpó, ó ṣubú, àwọn tirẹ̀ méjì dúró lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn á tẹ̀ ba, èjìká rẹ̀ á rẹlẹ̀ ju ti ẹni tó ń dínà lọ, ẹni méjì á ti di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn kí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Ìdajì mítà. Ó ṣubú, ẹlòmíràn gbé e. Ìdajì mítà mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àǹfààní méjì ló wà nínú àárín. Àkọ́kọ́, àwọn tó ń dínà kò mọ apá tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Ní igun, ìlà ẹ̀gbẹ́ ń bá wọn dínà apá kan. Níwájú òpó, wọ́n gbọ́dọ̀ pín ara wọn sí ọ̀tún àti òsì, odi wọn á sì fẹ́lẹ́. Ìkejì ni èyí tí mo ti ń sọ bọ̀: tráì tó bá wọlé níbẹ̀, èje ni.

Ó lè bàjẹ́ o. Ẹni tó bá nàró kí ó tó wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sókè, bọ́ọ̀lù ò ní kan ilẹ̀. Ẹni tó bá sáré ju àwọn tó ń tì í lẹ́yìn lọ, alátakò á na ọwọ́ sí bọ́ọ̀lù rẹ̀ nílẹ̀, pẹ́nárítì á di ti alátakò. Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tẹ́lẹ̀: bí bọ́ọ̀lù bá kan ìdí tìmùtìmù tí wọ́n fi bo òpó, tráì ni. Wọ́n yí òfin yẹn padà ní 2020, orí ìlà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló kù. Nítorí náà àwọn tó ń dínà lẹ́bàá òpó ní ibi tí wọ́n lè fi ẹ̀yìn tì nísinsìnyí. Ó gba ara tó le àti ọ̀pọ̀ àfidípò tó wúwo láti dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 72. Colombe ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, àwọn tó kojú rẹ̀ ti ń dínà láti òwúrọ̀ eré. Bí ìwọ̀n ara ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: ó ra ibi tí Colombe ṣubú sí.

Ẹ tún wo àṣekágbá ọdún tó ṣáájú, ní Marseille ní 2022. La Rochelle 24, Leinster 21. Pẹ́nárítì méje ni Leinster gbá, kò sí tráì kankan. La Rochelle ṣe tráì mẹ́ta, Ihaia West sì gbá àfikún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Nínú àṣekágbá méjì, tráì mẹ́fà, àfikún mẹ́fà, kò sí èyí tó lọ sí ìta.

## Ọkùnrin tó mọ iye àmì kan

Kóòṣì La Rochelle ni Ronan O'Gara, ọmọ Cork. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Munster ló gbá bọ́ọ̀lù fún, wọ́n gba ife yìí ní 2006 àti 2008, òun náà ló sì ní àmì tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà, 1,365, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àmọ́ àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Twickenham ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, kò rí bẹ́ẹ̀. Northampton 9, Munster 8. Munster ló ṣe tráì kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà, David Wallace ló gbé e wọlé. Jason Holland gbá àmì mẹ́ta sí i. Northampton kò ní ju pẹ́nárítì mẹ́ta Paul Grayson lọ. Kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tí O'Gara gbá tó wọlé lọ́jọ́ náà, títí kan àfikún tráì Wallace àti pẹ́nárítì kan nígbà tí eré ń parí lọ. Bí àfikún yẹn bá wọlé, 10 sí 9 ni. Ẹni tó ti gbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sún, tó wá di kóòṣì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní iye tí àmì méjì jẹ́.

Mo lọ wo àwọn àṣekágbá mìíràn tí àmì kan pín, ìṣirò kan náà ni mo bá pàdé. Ní 2013, ní Aviva Stadium yìí kan náà, Toulon 16, Clermont 15. Clermont ṣe tráì méjì, Napolioni Nalaga àti Brock James, àfikún kan ṣoṣo ló wọlé. Toulon ṣe ọ̀kan, Delon Armitage, Jonny Wilkinson sì gbá àfikún rẹ̀ wọlé pẹ̀lú pẹ́nárítì mẹ́ta. Ikọ̀ tó ní tráì púpọ̀ jù ló pàdánù, àfikún kan ló sì gbé ife fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1998, ní Bordeaux, Bath 19, Brive 18. Jon Callard nìkan ló ní gbogbo àmì 19: tráì, àfikún tráì náà, àti pẹ́nárítì mẹ́rin, tí ìkẹyìn wọlé nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Brive kò ṣe tráì kankan. Ẹ yọ àfikún alámì méjì yẹn kúrò, 17 sí 18 ni, Brive ló ni ife. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ife náà pẹ̀lú Callard ni Adedayo Adebayo, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ ìlà fún Bath tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1970, tó tún gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè England. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ yẹn ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Nínú eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àmì kan pín yìí, bí àfikún kan péré bá yí padà, orúkọ tó wà lára ife náà á yí padà.

## Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó kù

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó sọ pé Ross Byrne ló jẹ̀bi. Ó gbá pẹ́nárítì mẹ́ta wọlé nínú àṣekágbá, àmì 11 ló wá láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù sí igun fún, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbá. Ìbéèrè tí mo ní, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ikọ̀ ló lọ: lọ́jọ́ ìdánrawò, nígbà tí ẹnì kan bá já gba àárín àwọn alátakò kọjá ìlà, ṣé ẹ máa ń fọn fèrè síbẹ̀, àbí ẹ máa ń jẹ́ kó sáré dé òpó? Mo ti wo ọ̀pọ̀ ìdánrawò tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fèrè máa ń dún lórí ìlà. Ohun tí ara bá ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ lásán ni yóò ṣe lọ́jọ́ àṣekágbá.

Lẹ́yìn kíkì Hastoy, Leinster kò sùn. Àmì kan ni wọ́n nílò láti dọ́gba, pẹ́nárítì kan ì bá sì gbé ife fún wọn. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sún mọ́ ìlà La Rochelle, gbogbo pápá dìde dúró. Ní ìṣẹ́jú 79, Michael Ala'alatoa ti Leinster wọ òkìtì àwọn tó ń jà lórí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ láti lé alátakò kúrò lórí rẹ̀, ó sì kọlu orí Colombe, ọkùnrin tráì ìṣẹ́jú 72 yẹn. Jaco Peyper, rẹfirí eré náà, yọ káàdì pupa. Pẹ́nárítì di ti La Rochelle, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù jáde, ago sì parí. Lọ́jọ́ náà, ìgbà mẹ́ta ni Leinster gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó kọjá ìṣẹ́jú 12.